Ta Ló Fọ́ Ìkòkò Aró Ọ̀ṣun? Ìmọ̀ Ìbílẹ̀ àti Ìtọ́jú Ilẹ̀, Igbó àti Omi

Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin baba, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, mo kí gbogbo yín. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ ìbílẹ̀ àti bí a ṣe ń tọ́jú àyíká wa. Odò Ọ̀ṣun ni màá gbé ọ̀rọ̀ mi lé. Inú ìtàn odò yẹn ni mo ti rí ohun tó dára jù nínú ìmọ̀ àwọn baba wa, ibẹ̀ náà ni mo sì ti rí bó ṣe ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ yín lẹ mọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ Òṣogbo dó. Àìsí omi ló lé Lárọ́oyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n dé etí odò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó, wọ́n gé igi kan, igi náà sì wó lu omi. Ni ohùn kan bá ké jáde látinú odò pé, “Oṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!” Níbẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ ìlú ti wá. Gbogbo wa la máa ń sọ ibi tí a dé yìí, tí a ó sì dúró síbẹ̀, torí ó dùn ún sọ. Ohun tó tẹ̀ lé e gan-an ló wù mí kí a gbé yẹ̀ wò. Ọ̀ṣun ní kí wọ́n kúrò ní etí omi, kí wọ́n gòkè lọ kọ́lé sórí ilẹ̀ tó ga, kí wọ́n fi etídò sílẹ̀ fún igbó. Wọ́n sì lọ. Ààfin àkọ́kọ́ wà nínú igbó náà títí di òní, àmọ́ ìlú ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ló wà nínú gbọ̀ngàn yìí tó ń gbé Ìbàdàn lọ́dún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún, tó gbé ilé gbé èèyàn? Ta ló wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí òjò ọjọ́ kan ṣoṣo pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún? Ojú odò ni a kọ́lé sí. A da ilẹ̀ sí ẹnu omi, a da ìdọ̀tí sínú rẹ̀, nígbà tí omi dé tí kò rí ọ̀nà, ó gba inú yàrá wa kọjá. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn, kó padà lọ gbọ́ ìtàn Lárọ́oyè, yóò gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Yálà o gbà pé òrìṣà ló sọ̀rọ̀ tàbí o kò gbà, òfin ìlú kíkọ́ wà nínú ìtàn yẹn, àwọn tó gbọ́ ọ sì pa á mọ́.

Orúkọ oyè ọba wọn náà, inú omi ló ti wá. Àtàọ́ja: a-tẹ́wọ́-gba-ẹja. Ẹja Ọ̀ṣun ló wá sí ọwọ́ ọba, májẹ̀mú sì wà láàárín wọn. Nítorí náà, nínú igbó Ọ̀ṣun, wọn kì í pẹja, wọn kì í dọdẹ, wọn kì í gégi, wọn kì í dáko. Ẹ rí i pé kò sí ìwé òfin kankan níbẹ̀. Oyè ọba fúnra rẹ̀ ni ìwé náà. Nígbàkigbà tí ẹ bá pe Àtàọ́ja, òfin ẹja lẹ ń kà.

Àmọ́ ẹnikẹ́ni kó má tàn yín pé eewọ̀ nìkan ló dá igbó yẹn sí. Nígbà tó fi máa di ìgbà òyìnbó, iṣẹ́ igbó ìjọba ti wọ inú rẹ̀, wọ́n gbin igi tíìkì síbẹ̀. Àwọn kan ń pẹja níbẹ̀, àwọn kan ń dọdẹ, àwọn kan ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò tà, àwọn ojúbọ sì ń wó lulẹ̀. Eewọ̀ wà lẹ́nu, kò sí ẹni tó ń dáàbò bò ó. Ní 1950 ni Susanne Wenger dé ilẹ̀ wa láti Yúróòpù, obìnrin tí a wá ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Òun àti àwọn ọmọ ìlú, àwọn bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà, Adébísí Àkànjí wà lára wọn, fi símẹ́ǹtì àti amọ̀ tún ojúbọ ṣe, wọ́n mọ ère ńláńlá sí ibi tí àwọn olówó fẹ́ gbà, Àtàọ́ja sì dúró tì wọ́n. Ní 1965 ìjọba kéde apá kan igbó náà ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i títí ó fi di hẹ́kítà 75, ní 2005 UNESCO fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn ibi tí gbogbo ayé jọ ni. Òun ló fi jẹ́ pé ní àárín ìlú tí ilé kún fọ́fọ́ lónìí, igbó kìjikìji ṣì wà tí ọ̀bọ ń fò lórí igi rẹ̀.

Ìmọ̀ wà níbẹ̀, òfin wà níbẹ̀, ẹni tó ní agbára láti sọ pé “rárá” náà wà níbẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání títí tí màá fi parí, torí pé bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, àwọn méjì tó kù di ìtàn àlọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò ní igbó òrìṣà wàyí, kí n lọ sí oko. Ó ń dùn mí pé bí a bá ti ní ìmọ̀ ìbílẹ̀, eewọ̀ ni gbogbo èèyàn ń rò, bí ẹni pé ẹ̀rù nìkan ni àwọn baba wa fi tọ́jú ilẹ̀. Ojú ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Wọ́n wo ilẹ̀ títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í sọ pé “ilẹ̀” lásán. Ẹgàn ni igbó tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ọ̀dàn ni ibi tí koríko pọ̀ ju igi lọ. Àkùrọ̀ ni etí omi tí a ń gbin ẹ̀fọ́ sí ní ẹ̀ẹ̀rùn. Oko etílé yàtọ̀ sí oko ẹgàn, ohun tí a ń gbìn sí ọ̀kan kọ́ là ń gbìn sí èkejì. Bí èkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ káàkiri, àgbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣá nìyẹn, kó kó ọkọ́ rẹ̀ kó jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Ẹ tún wo oko iṣu àtijọ́: iṣu lórí ebè, àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilá níhìn-ín, ẹ̀gúsí sì nà sílẹ̀ bo gbogbo àárín ebè. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n kọ́ wa ní iléèwé pé rúdurùdu ni oko bẹ́ẹ̀, pé oko tó dára ni èyí tí ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo tò lọ bí ọmọ ogun. Ó pẹ́ kí ojú mi tó là. Ewé ẹ̀gúsí yẹn ni kì í jẹ́ kí òjò gbá ilẹ̀dú lọ, òun náà ni kì í jẹ́ kí èpò rí oòrùn. Ohun tí mo pè ní rúdurùdu, ètò ni.

Èyí tó wù mí jù láti sọ ni ọ̀rọ̀ tata àti ewé Akíntọ́lá. Gbogbo yín lẹ mọ ewé Akíntọ́lá, àwọn míì ń pè é ní Awólọ́wọ̀. Bí àdá bá ṣá ọmọdé lóko, òun ni a ń já, tí a ń fọwọ́ fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ọ̀pọ̀ rò pé ewé ilẹ̀ wa ni. Àjòjì ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ní nǹkan bí 1937 ni èso rẹ̀ bá èso igi mẹ̀láínà tí wọ́n kó wá láti Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí, wọ Nàìjíríà, ó sì tàn ká. Orúkọ àwọn òṣèlú ni a fi sọ ọ́, torí pé ìgbà tí orúkọ wọn gba ìlú kan ni òun náà gba oko kan.

Àwọn onímọ̀ kà á sí èpò burúkú. Àwọn àgbẹ̀ náà bú u, àmọ́ wọn ò dá bíbú dúró sí. Wọ́n wo abẹ́ rẹ̀. Wọ́n rí i pé ewé rẹ̀ ń jẹrà kíákíá, pé ilẹ̀ tó bo fún ọdún díẹ̀ máa ń dúdú, pé ó máa ń lé èkan lọ. Ni wọ́n bá ń lò ó fún ìsinmi ilẹ̀, pàápàá nígbà tí èèyàn pọ̀, tí kò ṣeé ṣe mọ́ láti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Wọ́n rí ohun kejì pẹ̀lú: tata fẹ́ràn ibẹ̀. Tata aláwọ̀ mèrè-mèrè yẹn, tó ń jẹ ewé gbágùúdá kanlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn àgbẹ̀ mọ̀ pé bí àkọ́rọ̀ òjò bá dé, tata máa ń kóra jọ sí ojú kan, abẹ́ ewé tó tutù, kí wọ́n lè yé ẹyin sínú ilẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹyin yẹn yóò sùn sínú ilẹ̀ gbogbo àkókò òjò, pé ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni yóò pa. Nítorí náà, bí ẹ bá sàmì sí ojú ibẹ̀, tí ẹ fi ọkọ́ hú u kí oòrùn pa ẹyin náà, ẹ ti jagun tata kí tata tó ní ẹsẹ̀.

Láàárín 1970 sí 1980, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ìwádìí ńlá lórí kòkòrò yìí ní gúúsù Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ná owó àti ọdún lé lórí kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, àwọn àgbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mi ò sọ ọ́ láti fi àbùkù kan àwọn onímọ̀ náà o. Àwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí rẹ̀. Ohun kan wà tí ìwádìí wọn fi kún un: bí àgbẹ̀ kan bá hú ẹyin lóko tirẹ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ kò hú, asán ni. Ó di dandan kí gbogbo abúlé jọ jáde. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ìmọ̀ ti wà, ẹni tí yóò pe ìpàdé ló kù.

Kí ẹ má sì rò pé àwọn baba wa kò mọ bí a ti ń pe ìpàdé lórí ilẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọdún Bẹẹrẹ wà. Wọ́n á kọ́kọ́ gé koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo ilé, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń tiná bọ pápá. Àkókò wà fún iná. Lórí ilẹ̀ tí àlejò gbà dáko, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, àmọ́ ọ̀pẹ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi igbá àti igi òrí ní Òkè-Ògùn. Igi tó ń fúnni ní irú àti òrí, kì í ṣe igi tí àdá ẹnikẹ́ni máa ń já lu. Lónìí, igi wọ̀nyẹn ni wọ́n ń sun di èédú, tí wọ́n ń dì sínú àpò, tí ọkọ̀ ń kó lọ. Àgbẹ̀ tó gé e kò ní òye kéré sí ti baba rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè mọ́ ni.

Báwo la ṣe dé ibẹ̀? Ìjọba òyìnbó dá igbó Olókemèjì sílẹ̀ ní 1899, òun ni igbó ìjọba àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Mi ò ní sọ pé iṣẹ́ yẹn kò wúlò rárá. Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO tẹ́wọ́ gbà ní 1977, erin ṣì wà nínú rẹ̀, bí kò bá sí igbó ìjọba ni, bóyá inú ìtàn nìkan ni a ó ti máa bá erin pàdé. Àmọ́ ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: igbó ìjọba. Ọjọ́ tí igbó di ti ìjọba, kò jẹ́ tiwa mọ́. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ nítorí pé ti ìdílé rẹ̀ ni, ó di olè nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba náà kò sì lágbára láti ṣọ́ ọ, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ agégi ló ni ín. A gba “rárá” kúrò lẹ́nu àwọn tó ń gbé níbẹ̀, a gbé e fún ọ́fíìsì tó jìnnà, ọ́fíìsì náà sì gbé e jù sílẹ̀.

Mo fẹ́ padà sí Ọ̀ṣun báyìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí jù.

Odò Ọ̀ṣun kò ti Òṣogbo ṣẹ̀. Ìgèdè ní ilẹ̀ Èkìtì ni ó ti ń sun, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ó dé Òṣogbo, ó ń lọ títí ó fi wọ ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Adágún tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ fún Ìbàdàn, orí Ọ̀ṣun yìí náà ló wà. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ní wúrà nínú. Àwọn akùsà ń gbẹ́ etí omi, wọ́n ń fọ ilẹ̀ nínú odò kí wúrà lè yọ, àwọn kan ń lo mẹ́kúrì láti fi kó eruku wúrà jọ. Láàárín ọdún díẹ̀, omi tó ń dán tẹ́lẹ̀ pọ́n bíi omi amọ̀. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu omi náà. Ẹ rò ó wò. Àwọn ọmọ Ọ̀ṣun ń wọkọ̀ òfuurufú láti Brazil àti Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Oxum àti Ochún, kí wọ́n lè fi igbá bu omi yìí mu. Ìyá tí à ń kí pé ó ń fi omi tútù wo ọmọ, wọ́n ní kí ọmọ má fẹnu kan omi rẹ̀.

Igbó hẹ́kítà 75 wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gé igi rẹ̀. Ère Àdùnní dúró. Arugbá ń gbé igbá, ìlú ń jó. Síbẹ̀ ìkòkò aró ti fọ́, láti òkè omi ni wọ́n ti fọ́ ọ, níbi tí ọwọ́ Àtàọ́ja kò tó.

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé òkè omi kò ní òfin rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ oríkì Ọ̀ṣun, wọn yóò ka ibú fún yín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ibú kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ, ó ní ìlú tó ń bọ ọ́, ó ní ìyá tó ń bojú tó o, ó ní ohun tí wọn kì í ṣe níbẹ̀. Láti Ìgèdè dé ọ̀sà, àwọn èèyàn ti tò sí etí omi yẹn bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú. Àwọn ni kò sí níbi iṣẹ́ mọ́. Òmíràn kú láìfi iṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́. Òmíràn, àwọn ọmọ rẹ̀ ti wọ ẹ̀sìn míì, wọ́n ń tijú iṣẹ́ ìyá wọn. Níbòmíràn, àwọn ìdílé onílẹ̀ fúnra wọn ló gbowó lọ́wọ́ akùsà, tí wọ́n fi ọwọ́ júwe etídò fún un. Ọ̀rọ̀ yìí le, mo mọ̀, àmọ́ bí a bá ń bú àjòjì tó ń wa wúrà nìkan, a ó pa irọ́ fún ara wa.

Mi ò wá wàásù ẹ̀sìn fún ẹnikẹ́ni. Mùsùlùmí ń ṣe àlùwàlá, Kìrìsìtẹ́nì ń ṣe ìrìbọmi, omi kan náà ni. Abúlé ìyá ìyá mi ní ìsun kan. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ti ìkòkò tí iná ti sọ ìdí rẹ̀ di dúdú bọ inú rẹ̀. Kèrègbè kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń bu omi. Òkè ni à ń pọn mímu, ìsàlẹ̀ ni à ń wẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni à ń fọṣọ. Ìyá àgbà ní bí mo bá ti ìkòkò dúdú bọ̀ ọ́, ìsun yóò bínú, yóò gbẹ. Nígbà tí abúlé gbẹ́ kànga tán, wọ́n ní ìsọkúsọ àwọn abọgibọ̀pẹ̀ ni, ẹni kan fọṣọ sí òkè, ẹni kejì fọ ọ̀kadà síbẹ̀, wọ́n sì gé igi tó ṣíji bò ó. Mo padà dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹrẹ̀ ni mo bá. Ìsun náà gbẹ lóòótọ́, bí ìyá àgbà ṣe wí.

Àmọ́ òtítọ́ ni kí a sọ. Ìyá àgbà lè wo omi kó mọ̀ pé ó ti dọ̀tí. Kò lè wò ó kó mọ̀ pé mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Májèlé yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, inú ẹja ló máa ń fara pamọ́ sí. Ìyẹn ni a fi nílò àwọn ọmọ wa tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì, kí wọ́n máa bu omi lóṣooṣù láti ibú dé ibú, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì wá sọ èsì rẹ̀ ní ààfin àti ní ọjà, ní èdè tí gbogbo wa gbọ́. Kì í ṣe kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní kà. Kábíyèsí, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ yín ni pé kí ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ọba ẹlẹgbẹ́ yín láti Ìgèdè dé ọ̀sà, kí ẹ jọ jókòó lórí omi yìí gẹ́gẹ́ bí àwọn abúlé ṣe ní láti jọ jáde lórí tata. Ìdílé onílẹ̀ tó bá fi etídò fún akùsà, kí ó dáhùn níwájú gbogbo yín. Kí ìjọba fi òfin ti ọwọ́ yín lẹ́yìn, kó má gbà á lọ́wọ́ yín.

Ní tiwa tí a jókòó síbí, iṣẹ́ kan wà tí a lè ṣe lónìí. Mo gbé ìwé kan sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ orúkọ odò tàbí ìsun kan ládùúgbò rẹ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀ kó tó lọ sílé, kó kọ eewọ̀ rẹ̀ bó bá rántí, kó kọ agboolé tó ń bojú tó o. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ jókòó ti àwọn ìyá àgbà tí kò lè kọ̀wé, ẹ bá wọn kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ má ṣe tún un ṣe. Mo ti kọ ti abúlé ìyá ìyá mi sí òkè pátápátá.